Tòbí: Aṣọ tí Àwọn Ìyá Wa Kì í Sá Lóòrùn

Àwọn àgbà ní gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn. Òwe ni a fi ń pa lójoojúmọ́, tí a fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ tú àṣírí ilé síta; ṣùgbọ́n kí ó tó di òwe, ọ̀rọ̀ gidi ni. Ní agbo ilé àwọn baba wa ní Adó-Èkìtì, àti ní Ìyìn, ní Ìgèdè, ní Ìlawẹ̀ àti ní Arámọkọ, bí a bá fọ aṣọ tán, orí okùn àti orí koríko ni ìró, bùbá àti ìborùn ti ń gba oòrùn. Aṣọ kan wà tí kì í bá wọn dé ibẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni obìnrin ń gbé e lọ, tàbí kí ó tẹ́ aṣọ mìíràn lé e lórí, kí ojú ọkùnrin àti ojú àlejò má baà tó o. Aṣọ náà ni tòbí, àwọ̀tẹ́lẹ̀ àwọn ìyá wa, òun ni mo sì fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò lónìí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n yóò fa ojú ro, wọn yóò ní kí ni ti àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin nínú ìwé ìròyìn. Kí wọ́n fi sùúrù gbọ́ mi. Ohun tí ó mú mi kọ ọ́ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ọ́ ní etí mi, láàrin ọ̀pọ̀ ènìyàn, pé kí òyìnbó tó gbé pátá dé, àwọn ìyá wa kò wọ ohunkóhun sábẹ́ ìró. Àwọn ìyá àgbà méjì wà ní ìjókòó. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Ojú ń tì wọ́n ni. Ọmọ náà rò pé àwọn gbà fún òun, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn tí ó kọ ìtàn sílẹ̀ fún wa kò ràn wá lọ́wọ́ tó nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí a kò tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ya apá kan sọ́tọ̀ fún aṣọ wíwọ̀. Ó to orúkọ ṣòkòtò àwọn ọkùnrin lẹ́sẹẹsẹ: láàdúgbò, alọ́ńgọ́, káfò, kẹ̀ǹbẹ̀. Ti obìnrin kò gùn tó bẹ́ẹ̀. N kò dá a lẹ́bi, nítorí àlùfáà ni, ọkùnrin sì ni. Ta ni yóò tú àpótí aṣọ ìyá rẹ̀ han irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọmọdébìnrin. Ìlẹ̀kẹ̀ ni nǹkan àkọ́kọ́ tí ó ń kan ìdí rẹ̀. Ní ẹnu àwọn ará Adó, ùlẹ̀kẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ilé ti ń di ulé. Láti ìgbà ọmọ-ọwọ́ ni ìyá ti ń so ó mọ́ ọn, tí ó sì ń fi kún okùn rẹ̀ bí ọmọ ti ń dàgbà. Òun ni ìyá fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ń sanra tàbí ó ń rù, nítorí pé okùn tí ó fún ìdí lánàá tí ó wá ń já bọ́ lónìí, ó ti sọ tẹnu rẹ̀. Èyí tí ó gbayì jùlọ láyé àtijọ́ ni lágídígba, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú pẹlẹbẹ tí a fi èèpo èkùrọ́ ṣe, tí a dá lu, tí a sì fi sùúrù dán títí ó fi ń kọ mànà. Nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin bá ń rìn, ìró ìlẹ̀kẹ̀ náà a máa dún lábẹ́ aṣọ, àwọn tí ó jókòó lójú ọ̀nà a sì gbọ́ ọ bí wọn kò tilẹ̀ rí i. Àwọn àgbà wá ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀tọ́ ọmọ lára òbí rẹ̀ ni ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, bí oúnjẹ àti orúkọ. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo ère ìbejì tí àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Èkìtì gbẹ́: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jẹ́ obìnrin ni kò ní aṣọ lára, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìdí wọn.

Síbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe aṣọ. Lọ́dọ̀ àwọn Àkán ní ilẹ̀ Gánà, okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà ni ó ń di aṣọ abẹ́ obìnrin mú níwájú àti lẹ́yìn. Tiwa yàtọ̀ sí èyí, nítorí tòbí ní ọ̀já tirẹ̀.

Bí ọmọbìnrin bá ti ń yọ ọmú ni ìyá rẹ̀ tàbí ìyá baba rẹ̀ yóò pè é sí yàrá, tí yóò fún un ní tòbí, tí yóò sì kọ́ ọ bí a ti í so ó. Aṣọ tí a ń so mọ́ ìbàdí ni, ó fẹ̀ tó láti bo iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì gùn dé orúnkún tàbí kí ó kù díẹ̀. Ọ̀já wà ní etí òkè rẹ̀, èyí tí a fi ń fà á mọ́ ìbàdí, tí a sì ń ta ní kókó. Níwájú, ní ibi tí ọwọ́ ti lè tètè dé, a rán àpò mọ́ ọn. Kò ní bọ́tìnnì, kò sì ní rọ́bà. Ẹni tí ó bá fi ojú aṣọ òde òní wò ó lè ní kò gún régé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á rò ó dáadáa. Ọ̀já yẹn ni ìwọ̀n rẹ̀: bí obìnrin bá lóyún, a tú ọ̀já díẹ̀, bí ó bá bímọ tán, a fà á padà, bí ó bá darúgbó tí ara rẹ̀ jò, tòbí kan náà ni. Aṣọ kan lè bá obìnrin rìn láti ọjọ́ tí ó wọ ilé ọkọ títí di ìgbà tí ó bá ní ọmọ-ọmọ, bí aṣọ náà kò bá kọ́kọ́ gbó.

Orí tòbí ni ìró abẹ́ ń wá, orí ìró abẹ́ ni ìró òkè. Ẹ má ṣe gbàgbé irú ilẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ òkìtì ni Èkìtì, obìnrin a máa gun òkè pẹ̀lú igbá lórí àti ọmọ lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ a sì máa fẹ́. A tẹ̀ lóko, a jókòó sórí àpótí kúkúrú lọ́jà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, a kúnlẹ̀ kí àgbà. Ìró tí a kàn ró mọ́ ìdí lásán kò lè gba gbogbo èyí. Tòbí ni ó ń jẹ́ kí ọkàn obìnrin balẹ̀ pé bí ìró òkè bá tilẹ̀ já, ìtìjú kò ní bá òun.

Níbo ni aṣọ rẹ̀ ti ń wá? Inú ilé náà ni. Àwọn ọkùnrin ní Ìsẹ́yìn, ní Ọ̀yọ́ àti ní Ìlọrin ń hun aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí òfì tiwọn, ṣùgbọ́n ní Èkìtì, iṣẹ́ obìnrin ni aṣọ híhun. Òfì wọn a dúró gbagidi sí ara ògiri, obìnrin a jókòó níwájú rẹ̀, a máa ti òwú bọ̀ ọ́ láti ọ̀tún sí òsì, a sì fi pákó pẹlẹbẹ lù ú mọ́lẹ̀ kí ó lè ki. Aṣọ tí ó ń jáde níbẹ̀ fẹ̀ ju aṣọ òfì ọkùnrin lọ ní ìlọ́po mélòó kan, tó bẹ́ẹ̀ tí abala méjì tàbí mẹ́ta fi lè di ìró odindi. Oko ni òwú ti ń wá, láàrin iṣu àti àgbàdo; àwọn arúgbó tí kò lè lọ oko mọ́ ni ó ń yọ kóró rẹ̀, tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì ń fi ìrànwú ran án di fọ́nrán. Kíjìpá ni a ń pe aṣọ náà. Ó nípọn, kì í gbó bọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, nítorí ẹni tí ó bá ti ní ọ̀kan kò ní wá òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣùgbọ́n kíjìpá titun le lára. Ta ni yóò fi aṣọ tí ó le bí awọ sí abẹ́ ara? Nítorí náà, ìró tí a ti ró fún ọdún pípẹ́, tí a ti fọ̀ títí ó fi rọ̀, ni ó máa ń di tòbí. A gé e kúrò níbi tí ó ti ya, a fi abala tí ó dára rán an. Bí ó bá ti ṣá, a tún un rẹ sínú ìkòkò aró, nítorí àwọ̀ aró dúdú kì í tètè fi àbàwọ́n hàn. Bí tòbí náà bá wá gbó, a gé e sí wẹ́wẹ́, àwọn àkísà rírọ̀ yẹn ni obìnrin ń lò nígbà nǹkan oṣù rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó kù sí iná. Ẹ ò rí i bí? Aṣọ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ara ìró òde tí gbogbo ìlú yìn, ó parí sí ibi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó, kò sì ṣẹ́ kù. Èyí ni mo rò pé ó fa á tí a fi ń rí ẹ̀wù àwọn baba baba wa nínú àpótí, tí a kì í sì í rí tòbí ìyá ìyá wa. Lílò ni a lò ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ àpò, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dùn sí. Nígbà tí a ń ná owó ẹyọ, àpò tòbí kò lè gba ohun púpọ̀. Ogójì ẹyọ ni ó wà lórí okùn kan, ẹgbàá jẹ́ àádọ́ta okùn, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá, èyí tí ẹrù rẹ̀ tó ènìyàn í rù. Ta ni yóò kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ìró? Èrò tèmi ni pé owó irin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó sọ àpò tòbí di ilé ìfowópamọ́. Lẹ́yìn tí ogun Kírìjì parí ní 1893 tí ọ̀nà Èkó là, ẹ́pìnì, kọ́bọ̀, tọ́rọ́, sísì àti sílè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà wa, owó kékeré tí ó níye lórí, tí ó sì rọrùn láti fi pamọ́. Obìnrin tí ó ń ta ata ní Ọjà Ọba lè gbé èrè oṣù kan sí ìbàdí kí ó sì máa kiri ọjà, kí olè má mọ̀, kí ọkọ pàápàá má sì mọ iye tí ó jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú. Owó tí ó wà nínú àpò agbádá, gbogbo ẹbí ni ó mọ̀ ọ́n, gbogbo ẹbí ni ó sì ń tọrọ rẹ̀. Owó inú tòbí kò ní ju ẹnìkan tí ó ní in.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá mi. Ní 1966, nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga, tí owó tí bàbá mi ní kò pé, yèyé pè mí sí yàrá. Ó ní kí n kọjú sí ògiri. Mo gbọ́ bí ó ti tú ìró òkè, mo gbọ́ bí ó ti ń tú kókó, mo sì gbọ́ ìró owó. Nígbà tí ó ní kí n yíjú padà, ìró rẹ̀ ti wà ní ipò, owó sílè àti owó ìwé tí a ká bí ẹní wà lórí ibùsùn. Ó gbóná. Títí di òní, bí mo bá ronú nípa owó ilé-ìwé mi, ìgbóná yẹn ni mo máa ń rántí.

Ọkùnrin kì í sì í fi ọwọ́ kan tòbí. Àwọn ọdẹ àti àwọn onísègùn ka aṣọ abẹ́ obìnrin sí ohun tí ó lè ba oògùn jẹ́, wọn kì í jẹ́ kí ó bá àpò wọn gbé ibì kan náà. Bí ènìyàn bá gbà á gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́, ó fi hàn pé wọn kò kà á sí àkísà lásán. Láti ibẹ̀ ni agbára mìíràn ti wá: ohun tí a fi gbogbo ọjọ́ ayé bò, ọjọ́ tí àgbà obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, ọ̀rọ̀ ti burú. Ní Abẹ́òkúta, nígbà tí àwọn obìnrin tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú dìde sí ọ̀rọ̀ owó orí láti 1947, àwọn àgbà kan nínú wọn bọ́ aṣọ sílẹ̀ ní gbangba. Ní 1949, Aláké fi oyè sílẹ̀. Ní Adó-Èkìtì wa níbí, ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2009, lẹ́yìn àtúndì ìbò gómìnà tí èsì rẹ̀ kò tètè jáde, àwọn obìnrin, tí àwọn arúgbó wà nínú wọn, tú aṣọ òkè ara wọn sílẹ̀, wọ́n sì rìn ní ìgboro. Àwọn oníròyìn òkèèrè gbé e bí ohun ìyanu. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí tòbí jẹ́ kò ní rẹ́rìn-ín. Yóò kọ́kọ́ bo ojú rẹ̀ ni.

Ó kù kí á dá akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lóhùn nípa òyìnbó. Àwọn ajíhìnrere dé Abẹ́òkúta ní 1846, wọ́n dé Ìbàdàn ní 1853, àwọn ìyàwó wọn sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa ní abẹ́rẹ́ lílò. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, títí ọ̀rúndún kejìdínlógún fi parí, ọ̀pọ̀ obìnrin kò wọ ṣòkòtò abẹ́ kankan. Ẹ̀wù gígùn fẹ́lẹ́ kan àti yẹ̀rì ni ó wà lábẹ́ kaba wọn. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ṣòkòtò abẹ́ tó di ohun tí gbogbo obìnrin ń wọ̀ níbẹ̀, fún ìgbà pípẹ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò sì pa pọ̀ láàrin, àfi ní ìbàdí nìkan. Wọ́n ní aṣọ líle tí a fi egungun ẹja àbùùbùtán tì nínú, tí a ń fi okùn fà mọ́ ìbàdí títí èémí obìnrin yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní nǹkan bí 1856, wọ́n tún mú òmíràn jáde tí a fi irin róbótó ṣe, kí kaba lè rí rẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí àkéte. Ìkọ́mú ńkọ́? Ọdún 1914 ni ìjọba Amẹ́ríkà fún obìnrin kan tí ń jẹ́ Mary Phelps Jacob ní ìwé àṣẹ lórí èyí tí ó fi aṣọ ìnujú méjì àti rìbọ́nù ṣe. N kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Mo sọ ọ́ kí á lè mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ń wò wá bí ẹni tí kò mọ ara í bò, ohun tí wọ́n fi ń bo tiwọn kò tíì pẹ́ lára wọn.

A gba tiwọn, a sì fún un ní orúkọ. Ìkọ́mú, ohun tí a fi ń kọ́ ọmú, Yorùbá pọ́ńbélé ni. Ẹni tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ èdè. Ṣìmí àti pátá, yíyá ni a yá wọn. Ilé-ìwé ni ó kọ́kọ́ gbé wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin wa, nítorí ẹni tí ó bá wọ kaba ilé-ìwé tí kò gùn kò lè so tòbí sábẹ́ rẹ̀. Ọjà ni ó parí iṣẹ́ náà: pátá wọ́n kéré, ó sì ṣe é rà lójú ẹsẹ̀, nígbà tí òfì ti ń tú ní ilé dé ilé. Báàgì gba iṣẹ́ àpò. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ obìnrin ọjà ń gba owó sí. Àwọn ẹní Ògòtún ṣì ń rí ẹni rà wọ́n, ìkòkò Ìsàn náà kò ṣàìní olùfẹ́, nítorí pé àlejò lè gbé wọn lọ sílé kí ó sì fi wọ́n ṣàfihàn. Ta ni yóò ra tòbí lọ gbé kọ́ sára ògiri?

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn olùkọ́ wa obìnrin, nítorí àwọn ni àwọn ìyá àgbà lè bá sọ̀rọ̀ láìtijú. Kí wọ́n bi wọ́n bí a ti ń gé e, irú ọ̀já tí a ń lò, ibi tí a ń rán àpò sí ní ìlú kọ̀ọ̀kan, nítorí ó dá mi lójú pé ti Adó àti ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè kò lè jẹ́ ọgbọọgba. Kí wọ́n ní kí àwọn ìyá náà rán ọ̀kan. Bí wọ́n bá fẹ́ sá a sí ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n sá a síbẹ̀.

Ní 1978, nígbà tí yèyé wa lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin jókòó ní ọjọ́ kẹjọ láti pín aṣọ. Wọ́n pín ìró, wọ́n pín gèlè, wọ́n pín ìlẹ̀kẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ. Tòbí mẹ́ta ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ àpótí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé wọn, ó tẹ àpò ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, ó sì bá kókó kan nínú èyí tí ó gbó jù. Kọ́bọ̀ oníhò márùn-ún ni ó wà níbẹ̀, owó tí a ti pa láṣẹ kí a má ná mọ́ lẹ́yìn tí náírà dé ní 1973. Yèyé ti fi okùn so wọ́n pọ̀ bí ẹni so ẹyọ. Ó fún mi ní owó náà. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n fi tòbí kan kún un fún mi. Gbogbo wọn wò mí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọkùnrin kì í jogún tòbí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn, ó gbé wọn gba ẹ̀yìnkùlé lọ, láìpẹ́ mo rí èéfín.